Ohun Tí Ọ̀rá Píọ̀ Wọ́tà Kọ́ Wa

Oṣù mẹ́fà rèé tí ẹ ti gbúròó àwa mẹ́ta gbẹ̀yìn. A kò sá fún ilé ìwé, wọn kò sì lé wa. IT la lọ.

Bí a ṣe padà dé ni ìbéèrè bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ wa tó rí àyè ní ilé iṣẹ́ epo ń fi fọ́tò àkẹtẹ̀ ike àti bàtà onírin hàn wá. “Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ṣe ní tiyín?” A ní iṣẹ́ QC ni, ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá píọ̀ wọ́tà. Ẹ̀rín pa wọ́n. “Ọ̀rá! Oṣù mẹ́fà lẹ fi ń wo ọ̀rá!” Bẹ́ẹ̀ ni o, ọ̀rá la fi oṣù mẹ́fà wò. Àwa tí a sì wò ó kò lè mu omi inú ọ̀rá kankan mọ́ láìkọ́kọ́ fi ìka tẹ etí rẹ̀ wò.

Ó ti pẹ́ tí a ti fẹ́ kọ ìtàn yìí, à ń sún un síwájú ni, nítorí ibì kan wà nínú rẹ̀ tí kò bu iyì kún wa. Ṣùgbọ́n àwọn àbúrò wa tó wà ní 300 level ti ń gba lẹ́tà IT tiwọn báyìí, ó sì yẹ kí ẹnì kan sọ fún wọn.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò sí ní ẹ̀ka ẹnjiníà: SIWES ni orúkọ ètò náà gan-an. Àjọ ITF ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1973, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ irú iṣẹ́ báyìí lè fojú rí iṣẹ́ náà kó tó gbàwé ẹ̀rí. Oṣù mẹ́fà ni tiwa. A pín lẹ́tà kiri títí bàtà wa fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lu, ilé iṣẹ́ epo kò dá wa lóhùn, ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ní àyè ti kún. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀rá ní Ọ̀tà ló ní ká máa bọ̀. Àwa mẹ́ta gba yàrá kan ní Sángo, kò jìnnà sí Tóògéètì, mátíráàsì kan, sítóòfù kan, fáànù kan tó ń yí nígbà tó bá wù ú.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ débẹ̀, ìyá kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Màdáámù QC mú wa wọ yàrá kékeré kan tó tutù. Ó gbé abala ọ̀rá kan lé wa lọ́wọ́ ó ní, “Ṣé ó dára, àbí kò dára?” Ọ̀kan nínú wa fà á, kò já. Ó ní ó dára. Ìkejì gbé e sí iná, ó ní ó mọ́ kedere. Ìkẹta ní òun gbà pẹ̀lú wọn. Màdáámù rẹ́rìn-ín. Ó mú micrometer jáde, ó fi wọn ọ̀rá náà níbi mẹ́jọ. Níbi méje ó dára. Níbì kan, ó ti tín-ín-rín jù. “Níbí yìí lomi yóò gbà jáde,” ló wí. “Ẹnu kọ́ la fi ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ wọ̀n ọ́n.”

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé díẹ̀. Ike oníhóró, tó rí bí ìrẹsì funfun, ni wọ́n ń dà sẹ́nu ẹ̀rọ. Polyethylene lorúkọ rẹ̀. Irin oníyípo kan á máa tì í lọ sínú ooru títí yóò fi yọ́, yóò sì gba ojú irin róbótó kan jáde. Wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú, yóò wá wú lọ sókè bí fèrè ọmọdé, ó ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lọ. Atẹ́gùn tútù á máa fẹ́ yí i ká láti ìta kó lè tètè gan. Lókè pátápátá, róòlà méjì á pa á pọ̀, yóò sọ̀kalẹ̀ wá, wọ́n á sì ká a bí aṣọ òkè. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a rí i, a kàn dúró, a la ẹnu sílẹ̀ ni. A ti ka gbogbo rẹ̀ nínú ìwé, a ti fi ṣe ìdánwò, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ fún wa pé ó lẹ́wà.

Iṣẹ́ tiwa ni pé ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, a ó gé abala kan láti ara ọ̀rá tó ń jáde, a ó sì wọ̀n ọ́n níbi mẹ́jọ láti etí kan dé èkejì. Micron la fi ń wọ̀n ọ́n, ẹgbẹ̀rún rẹ̀ ló wà nínú mìlímítà kan. Fún iṣẹ́ tí a fẹ́ sọ yìí, 50 ni oníbàárà fẹ́, ìyẹn bí ìdajì ìnípọn ìwé tí ẹ fi ń ṣe fótókọ́pì. Kò gbọdọ̀ dín sí 45, kò gbọdọ̀ ju 55 lọ. Tí micrometer bá bàjẹ́, ọ̀nà mìíràn wà: gé ọ̀rá tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lọ́nà méjèèjì, gbé e sórí ìwọ̀n. Tó bá jẹ́ 50 micron lóòótọ́, yóò súnmọ́ gíráàmù 0.46, torí pé irú ike yìí fúyẹ́ ju omi lọ díẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó ku ti ìtẹ̀wé. Ike yìí kì í fẹ́ gba yíǹkì. Wọ́n ní láti fi iná mànàmáná ta ojú rẹ̀ kí yíǹkì tó lè lẹ̀ mọ́ ọn. Bíìrò pàtàkì kan wà tí a fi ń dán an wò. Tí ìlà tó fà bá dúró, ó ti ṣetán; tó bá ṣùjọ bí ìrì lójú ewé kókò, kò tíì gbà á. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán, a ó lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ orúkọ omi àti nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára rẹ̀, a ó fà á yọ lójijì. Bí yíǹkì bá bá téèpù lọ, a jẹ́ pé iṣẹ́ ò tíì tán nìyẹn.

Ẹni tó kọ́ wa ju micrometer lọ ni Bàbá Ìbejì, ọ̀kan nínú àwọn tó ń darí ẹ̀rọ. Kò ní ìwé ẹ̀rí kankan. Ọdún kọkànlá rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ náà nìyẹn, síbẹ̀ kásúà ni wọ́n ṣì ń pè é. Yóò na ọwọ́ sí ara róòlù, yóò fi ìka gbá a káàkiri bí onílù tó ń tún awọ ṣe. Ibi tí ọ̀rá bá ti tín-ín-rín, ohùn rẹ̀ á rọ̀. A máa ń tẹ̀lé e pẹ̀lú micrometer láti fìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀ múlẹ̀, kì í sì í sábà ṣì í. Àwa ló ń pè ní “ẹ̀yin ọmọ yunifásítì.” Ìgbà mìíràn ìyìn ni, ìgbà mìíràn èébú ni.

Ṣíìfù alẹ́ la fẹ́ sọ nípa rẹ̀.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan ni, nínú oṣù kẹta wa níbẹ̀. Ọjọ́ náà kò sí iná ní yàrá wa lọ́sàn-án, kò sí ẹni tó rí oorun sùn nínú wa. Títí di aago kan òru, a ṣe iṣẹ́ wa bó ti yẹ. Nígbà tí aago méjì ń lọ lù, Bàbá Ìbejì yọjú sí yàrá QC. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wọn apá òsì yẹn. Ó ń rọ̀ lọ́wọ́ mi.” A ní, “À ń bọ̀, sà.” Ó padà lọ.

A kò lọ.

Yàrá náà tutù, àga wà níbẹ̀, ojú sì ti wúwo. A sọ fún ara wa pé ká sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tí a jí, aago márùn-ún ti kọjá, bébà tí a ń kọ nọ́ńbà sí sì ṣófo ní aago méjì, aago mẹ́ta àti aago mẹ́rin. Àwọn róòlù tó jáde láàárín ìgbà náà ti wà lórí kẹ̀kẹ́, wọ́n ti fẹ́ tì wọ́n lọ sí ìtẹ̀wé. Ọ̀kan nínú wa mú bíìrò. Ẹ má béèrè ẹni tó jẹ́, torí pé àwa mẹ́ta la dúró tí i, àwa mẹ́ta la sì fọwọ́ sí i. 50, 50, 51, 50, 49, 50, 50, 50. Ìlà mẹ́ta bẹ́ẹ̀. Kò gbà wá tó ìṣẹ́jú méjì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Màdáámù náà buwọ́ lù ú.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Kì í ṣe Ọ̀tà la ti kọ́ ìyẹn. Nínú lábù wa níbí la ti kọ́ ọ, ní 200 level, nígbà tí ẹ̀rọ kan ṣoṣo wà fún ọgọ́ta akẹ́kọ̀ọ́, tí gbogbo wa sì da èsì ẹnì kan kọ, tí a yí nọ́ńbà díẹ̀ padà kí gíráàfù wa lè tọ́. “Kúùkù” la ń pè é, à ń fi rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ìlà gíráàfù rẹ̀ bá tọ́ jù ló ń gba máàkì jù. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ wa kò fi gbọ̀n lóru ọjọ́ náà.

Ó lé díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà kí oníbàárà tó dé. Ìyá kan ni, ó ní ilé omi kékeré kan. Ọkọ̀ pikọ́ọ̀pù kan tẹ̀lé e, róòlù wa mẹ́rìnlá ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú àpò píọ̀ wọ́tà tó ti rọ. Ẹ mọ̀ pé ogún ọ̀rá ló ń wà nínú àpò kan. Ó ní àwọn tó ń ta omi òun ní ọjà ti dá a padà: ogún ló wọ inú àpò, nígbà tó fi dé ṣọ́ọ̀bù, mẹ́rìndínlógún ló ṣẹ́kù, ìyókù ti jò sí ara wọn. Ohun tó dùn ún jù kò kúkú ju ẹyọ gbólóhùn kan lọ. Ó ní, “Orúkọ mi ló wà lára ọ̀rá yẹn. Kì í ṣe orúkọ tiyín.”

Wọ́n gé ọ̀rá náà, wọ́n wọ̀n ọ́n. Apá òsì: 38, 37, 39.

Ohun tó fà á kò le. Ìdọ̀tí ló dí ojú ihò atẹ́gùn tútù ní apá kan ẹ̀rọ. Níbi tí atẹ́gùn kò ti tó, ike náà kò tètè gan. Ó ń gbóná lọ, ó sì ń fà ju ibi yòókù lọ, ibi tó bá sì fà jù ló ń tín-ín-rín. Ká ní a lọ wọ̀n ọ́n ní aago méjì, nọ́ńbà náà ì bá ti já sí 40 lójú wa, wọn ì bá dá ẹ̀rọ dúró fún ìṣẹ́jú ogún, kí wọ́n nù ún, kí iṣẹ́ máa lọ.

Máníjà pe Bàbá Ìbejì. Àwa náà wà níbẹ̀. Wọ́n bi í pé kí ló dé tí kò dá ẹ̀rọ dúró. Ó ní òun kò láṣẹ láti dá a dúró láìsí nọ́ńbà QC, àti pé òun pe QC lóru ọjọ́ náà. Máníjà na ọwọ́ sí fáìlì, ó fa bébà wa jáde. Aago méjì, 50. Aago mẹ́ta, 50. Aago mẹ́rin, 50. Ó yí i sí Bàbá Ìbejì. “Èwo ni ká gbà gbọ́, ẹnu rẹ àbí ìwé?”

Bàbá Ìbejì wo bébà náà. Ó gbé ojú sókè, ó wò wá. Kò sọ nǹkan kan. Àwa náà kò sọ nǹkan kan.

Wọ́n ní àwọn yóò máa yọ nínú owó rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta.

Títí di ọjọ́ yẹn, ohun tí a rò ni pé QC dà bí ọlọ́pàá, pé àwa là ń ṣọ́ àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ kí wọ́n má ba iṣẹ́ jẹ́. A ò mọ̀ pé àwa gan-an ni ẹlẹ́rìí wọn. Ọ̀gá ṣíìfù ń fẹ́ kí iṣẹ́ pọ̀, máníjà ń fẹ́ kí iṣẹ́ yá, kò sí ohun tí òṣìṣẹ́ kásúà lè fi gbèjà ara rẹ̀ bí kò ṣe nọ́ńbà tí ẹlòmíràn kọ sílẹ̀. Bàbá Ìbejì wá pe ẹlẹ́rìí rẹ̀ ní aago méjì òru. Ẹlẹ́rìí rẹ̀ sùn. Nígbà tó jí, ó jẹ́rìí èké.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi dákẹ́. Bàbá Ìbejì ń kí wa láràárọ̀ bó ti ń kí wa tẹ́lẹ̀, ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ ká gbádùn oúnjẹ. Ní ọjọ́ kẹrin, Màdáámù ní ká ya gíráàfù gbogbo nọ́ńbà ọ̀sẹ̀ náà fún ìròyìn tí òun fẹ́ fi ránṣẹ́ sí oníbàárà. Control chart ni irú gíráàfù bẹ́ẹ̀ ń jẹ́. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Walter Shewhart, ló ya àkọ́kọ́ lọ́dún 1924, nígbà tó ń bá Western Electric ṣiṣẹ́. Ìlà kan á wà láàárín, ọ̀kan á wà lókè, ọ̀kan á wà nísàlẹ̀. Nọ́ńbà tó bá jáde kọjá ìlà òkè tàbí ti ìsàlẹ̀ ń sọ pé nǹkan kan ti yí padà nínú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà láàárín náà kì í dúró sójú kan. Wọ́n ń jó ni, díẹ̀ sókè, díẹ̀ sísàlẹ̀, torí pé kò sí ẹ̀rọ tí ń ṣe nǹkan méjì kí wọ́n rí bákan náà gẹ́lẹ́.

A jókòó nínú yàrá wa ní Sángo lálẹ́, a ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù ya á. Àmì ń jó láti Ọjọ́ Ajé, wọ́n jó ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n jó ní Ọjọ́rú. Nígbà tí a dé òru Ọjọ́bọ̀, láti aago méjì sí aago mẹ́rin, wọ́n tẹ̀ lé ara wọn lórí ìlà àárín, tààrà, bí ẹ̀yà ara tí ẹ̀mí ti kúrò nínú rẹ̀. Aago márùn-ún, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí jó. A wo ara wa. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún kan péré yóò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀kan nínú wa ní ká gbé e kúrò lójú ìlà díẹ̀, ká jẹ́ kó jó. Èkejì ní tí ọ̀rọ̀ yìí bá dé ilé ìwé, wọ́n lè fagi lé IT wa, ká padà wá tún un ṣe. Ẹ̀rù ba gbogbo wa, a kò ní purọ́. Ìgbà tí ìkẹta béèrè pé mélòó ni owó ilé ìwé ọmọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ mọ́. A pa tọ́ọ̀ṣì.

Láàárọ̀, a gbé gíráàfù náà fún Màdáámù bó ṣe rí. A kò dúró kó béèrè. A ní, “Mà, a kò wọ̀n ọ́n lóru yẹn. Oorun la sùn. Bàbá Ìbejì wá pè wá, a ò lọ.”

Ó pẹ́ kó tó dáhùn. A ti ń retí kó pariwo. Ó fa bébà náà súnmọ́ ara rẹ̀, ó fi ìka sí ìsàlẹ̀ níbi tó ti buwọ́ lù ú. “Èmi náà ò kà á,” ló wí. “Mo kàn buwọ́ lù ú ni. Ẹni mẹ́rin ló purọ́ mọ́ bàbá yẹn.” Ó dìde, ó ní ká tẹ̀lé òun lọ sọ́dọ̀ máníjà.

Ọ̀rọ̀ náà kò parí bí àlọ́. Máníjà bínú, ó ní òun yóò kọ̀wé sí ilé ìwé wa. Màdáámù bẹ̀ ẹ́, ó sì gba ìwé ìkìlọ̀ tirẹ̀. Lẹ́tà náà kò dé ọ̀dọ̀ yín níbí, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ sínú logbook wa, ó ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n dá yíyọ owó Bàbá Ìbejì dúró, àmọ́ ti oṣù àkọ́kọ́ ti lọ, wọn kò dá a padà. Oníbàárà náà kò tún ra ọ̀rá níbẹ̀ mọ́.

Àwa mẹ́ta dá owó jọ nínú àláwáǹsì wa, a lọ bá Bàbá Ìbejì níbi tó ti ń jẹun lábẹ́ igi. A dọ̀bálẹ̀. Ó wo àpòòwé náà, ó wo ọrùn wa tó ti gùn. Ó ní, “Ẹ fi jẹun. Ẹ̀yin gan-an kò yó.” A bẹ̀ ẹ́ títí, ó mú ìdajì rẹ̀, ó ní ti àwọn ìbejì nìyẹn. Lẹ́yìn náà ó nu ọwọ́, ó dìde, ó ní, “Ó kù díẹ̀ kí aago méjì ọ̀sán lù. Ẹ gbé nǹkan ìwọ̀n yín.”

Láti ọjọ́ náà títí a fi kúrò, kò sí wákàtí kan tí a fò. Ìgbà mìíràn nọ́ńbà náà kò dára, wọ́n á dá ẹ̀rọ dúró, ọ̀gá ṣíìfù á máa bú wa. Bàbá Ìbejì á kàn máa fọn súúfé nídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Nísinsìnyí a ti padà sí lábù. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá a ṣe àyẹ̀wò kan, gíráàfù wa wọ́ bí ọ̀nà oko. A fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, a kọ ohun tí a rò pé ó fà á sí abẹ́ rẹ̀. Mẹ́fà nínú mẹ́wàá la gbà. Àwọn tó kúùkù tiwọn gba mẹ́sàn-án. Ó dùn wá díẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká parọ́.

Ẹ̀yin àbúrò wa tí ẹ ń lọ sí IT, ibi yòówù tí ẹ bá bá ara yín, ẹnì kan yóò yọjú sí yín lóru ọjọ́ kan, á ní ẹ wá wo nǹkan. Ẹ dìde. Kí ẹ tó mu omi tí ẹ gbé sọ́wọ́ yẹn, ẹ fi ìka tẹ etí rẹ̀ wò. Tí kò bá jò, ẹnì kan ló wà lójúfò.

Ire o.